Ẹ̀yin Lọ́yà Ilé-iṣẹ́ Tẹlifóònù, Ta Lẹ̀ Ń Kọ̀wé Fún?

Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń jáde ní Law School lónìí níbi tó wù wọ́n láti ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ò ní dárúkọ kóòtù. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni, tàbí chambers ńlá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. A ò bá wọn jà. Owó táwọn ọ̀gá lọ́yà kan ń san fáwọn tó wà lábẹ́ wọn, owó ọkọ̀ lásán ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé tán ló ń bí wa nínú.

Látìgbà tí GSM ti dé lọ́dún 2001 làwọn ilé-iṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò lè tajà. Wọ́n ń fi ìlù wa àtàwọn òṣèré wa polówó. Ẹ pe customer care, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà kan fún Yorùbá. Ṣùgbọ́n àdéhùn tó sọ ìgbà tí dátà yín máa kú, tó sọ ohun tí wọ́n lè fi orúkọ àti àwòrán yín ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà pàápàá. Ẹni tó ń polówó gbọ́ Yorùbá, ẹni tó ń kọ àdéhùn ò wá gbọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì tó wà ní legal department yẹn ńkọ́?

Ìlànà NCC ní kí wọ́n fi èdè tó rọrùn, tó ṣe kedere, ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún oníbàárà. Ó rọrùn fún ta? Ṣé ìyá aláta ní Bódìjà? Àwọn lọ́yà á ní ìlànà náà ò dárúkọ Yorùbá. Ibo ló ti wá ní kí wọ́n má lò ó? Kódà láti kọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni: tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó mọ́, STOP lẹ máa kọ ránṣẹ́ sí 2442.

Tó bá di tara wọn, wọ́n mọ ọ̀nà. Lọ́dún 2015, NCC bu owó ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé MTN, torí SIM tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn ò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, tí wọn ò sì gé. MTN gba Eric Holder, tó ti ṣe agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2016, owó náà ti di bílíọ̀nù 330. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yọ 50 náírà lórí ìlà rẹ̀ fún caller tune tí ò bèèrè ńkọ́? Ó lè pe 622 fún NCC, tó bá mọ̀ pé nọ́ńbà náà wà. Kò sẹ́ni tó máa gba lọ́yà torí 50 náírà, ilé-iṣẹ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òfin ò ṣe é sọ ní Yorùbá. Irọ́ ni. Yorùbá ni wọ́n fi ń gbẹ́jọ́ ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ n'Íbàdàn.

Ojú ewé méjì péré la ń bèèrè: iye tí wọ́n ń yọ, ìgbà tí wọ́n ń yọ ọ́, béèyàn ṣe lè kọ̀, ibi téèyàn lè fẹjọ́ sùn. A mọ̀ pé ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e síwájú ọ̀gá yín. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ fún yín.