Ọgbọ́n Ìyá Amọ̀kòkò Kò Gbọdọ̀ Bá A Wọlẹ̀

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kò sí ilé Yorùbá kan, ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí a kì í ti pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣaasùn, àmù, orù àti ajere, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti di “ìkòkò” lásán lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ “cruche” àti “marmite” láìṣì.

Ohun tó ń sọnù níbẹ̀ ju orúkọ lọ. Ìṣaasùn gbọ́dọ̀ fara da iná ààrò. Ìdí nìyí tí amọ̀kòkò fi ń gún èéfọ́ ìkòkò, tí ó ń pò ó mọ́ amọ̀, kí ooru má baà sán an. Ní ti àmù, ó gbọ́dọ̀ máa làágùn díẹ̀díẹ̀: omi tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ lára rẹ̀ ni ó ń mú kí èyí tó kù nínú tutù. Ajere ní ihò lára, kí omi lè jò kúrò nínú ohun tí a bá dà sí i. Orúkọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ìlọrin, àwọn obìnrin a máa tẹ amọ̀ sára ògbólógbòó ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n tó máa to amọ̀ tí wọ́n fà gùn bí okùn lé e. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Bí omi bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, yóò bẹ́ nínú iná. Igi àti koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń sun ún ní gbangba, iná náà a sì máa gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 600 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣì gbóná, wọ́n á fi omi èèpo irúgbá wẹ̀ ẹ́, kí ara rẹ̀ lè dúdú.

Ẹni tó mọ gbogbo èyí ni wọ́n ń pè ní òpè, nítorí kò mọ̀wé!

Àwọn kan yóò sọ pé ike fúyẹ́, kì í fọ́, àti pé iná ìkòkò ń jẹ igi. Òótọ́ ni. Ọmọ amọ̀kòkò tó wá iṣẹ́ míràn kò sì jẹ̀bi, nítorí owó inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n a lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ ọgbọ́n rẹ̀ nù, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nìyẹn. Dípò kí ìwé máa ti ìlú ńlá wá kọ́ ìyá amọ̀kòkò nìkan, kí òun náà di olùkọ́: kí ó máa sọ, kí àwọn ọ̀dọ́ máa kọ, kí ìwé àkọ́kọ́ tí yóò kà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ọ láti ṣírò owó igi, ọjọ́ iṣẹ́ àti ìkòkò tó bẹ́ nínú iná, kí ó tó dá iye lé ọjà rẹ̀.

Ìkòkò tó fọ́ ṣì wúlò; a lè gún èéfọ́ rẹ̀ mọ́ amọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà bá gbé wọlẹ̀ kò ní èéfọ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣà.