Kí Màlúù Tó Wọ Ọgbà, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Yanjú Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kan

Ẹni tó bá gba àdúgbò Thinkers Corner kọjá nílùú Enugu níbí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kò ní ṣàìrí i pé pulọ́ọ̀tì tí ẹni tó ni ín kò bá tíì kọ́lé sí, ẹ̀kan ló máa ń gbà á. Wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, ilẹ̀ á dúdú, àwọn ará àdúgbò á sì rò pé ó ti tán. Kí òjò kejì tó rọ̀, ẹ̀kan á tún ti yọ, á sì pọ̀ ju tàtijọ́ lọ. Àwọn onílẹ̀ wa ọmọ Ígbò ń pè é ní ata, àwọn Hausa ń pè é ní tofa, àwa Yorùbá náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọmọ àgbẹ̀ wo nílẹ̀ wa ni ewé rẹ̀ kò tíì ya lẹ́sẹ̀ rí? Àmọ́ kì í ṣe torí pulọ́ọ̀tì nìkan la ṣe gbé ọ̀rọ̀ koríko jáde lónìí. Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹran ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 17 tó wà ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè yìí pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa da màlúù káàkiri mọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Enugu níbí ni wọ́n tún pàdé sí, oṣù yẹn náà sì ni gómìnà ìgbà náà, Ifeanyi Ugwuanyi, fọwọ́ sí òfin tó ka dída màlúù káàkiri léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Enugu, tó sì ní inú ọgbà ni kí wọ́n ti máa sìn ín. Nílé lọ́dọ̀ tiwa, Èkìtì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016, Ọ̀yọ́ ṣe é ní 2019, Oǹdó àti Èkó sì ṣe tiwọn ní 2021. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Kò sí ẹni tó ń gbé Enugu tí yóò béèrè ìdí rẹ̀. A kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nimbo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Uzo-Uwani, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2016, níbi tí ẹ̀mí ti ṣòfò.

Nítorí náà, òfin dára. Àmọ́ màlúù kì í jẹ òfin. Koríko ni màlúù ń jẹ. Màlúù kan tó bá wọn kílò 250 nílò ohun tó tó kílò mẹ́fà sí méje koríko gbígbẹ lójúmọ́. Tí ó bá jẹ́ tútù la gé e, ìwọ̀n rẹ̀ á ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ní àádọ́ta màlúù nínú ọgbà yóò wá koríko gbígbẹ tó lé ní kílò 300 ní ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. Níbo ni yóò ti rí i? Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ìjọba dáhùn nìyẹn, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún ọgbà ẹran ni ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí mọ́. Ọ̀pọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀kan ló lé àgbẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ̀kan bá lè lé ọkọ́, ṣé màlúù ni kò ní lè lé?

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń bá jà. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ̀kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó rọ̀, màlúù sì máa ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó á le, etí ewé rẹ̀ á mú bí abẹ, oúnjẹ inú rẹ̀ á sì dínkù gan-an. Ohun tí à ń rí lókè kọ́ ni ẹ̀kan gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí àwọn igi abẹ́lẹ̀ rẹ̀ funfun ti ń rákò lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ẹnu wọn mú débi pé wọ́n máa ń gún iṣu wọlé nínú ebè. Bí a bá gé igi abẹ́lẹ̀ yìí sí wẹ́wẹ́, èyí tó bá ní oríkèé kan ṣoṣo lára lè hù padà. Yàtọ̀ síyẹn, orí òdòdó rẹ̀ kan lè ní èso tó tó 3,000, tí atẹ́gùn á gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀tá kan ṣoṣo tí ẹ̀kan bẹ̀rù dénú ni òjìji. Níbi tí oòrùn kò bá ti ráyè dé ilẹ̀, ẹ̀kan kì í gbádùn ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí iná kì í fi í pa á. Àwọn darandaran máa ń tinábọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí koríko tútù lè yọ fún ẹran wọn. A kò bá wọn wí pé wọ́n ń wá oúnjẹ ẹran. Ṣùgbọ́n iná yẹn ń jó igi kéékèèké àti àwọn koríko mìíràn tí ìbá máa ṣíji bo ẹ̀kan, igi abẹ́lẹ̀ tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná tún máa ń mú kí ó yọ òdòdó. Ẹni tó ń jó o lọ́dọọdún, òun gan-an ló ń bá a gbin ara rẹ̀. Bákan náà ni ti katakata. Ẹni tó bá fi katakata tú ilẹ̀ ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà òjò, tó sì lọ sílé, ńṣe ló gé ọ̀kan sí mẹ́wàá, tó sì lọ́ wọn káàkiri oko. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni irú ìtúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dára, kí oòrùn lè pa igi abẹ́lẹ̀ tó bá jáde sókè, kí a sì tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní nǹkan bí ọdún 1912, ẹ̀kan dé ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà láti Japan, nínú koríko gbígbẹ tí wọ́n fi di ẹrù. Nígbà tó yá, wọ́n dìídì gbìn ín ní Mississippi àti Florida, wọ́n rò pé oúnjẹ màlúù ni yóò jẹ́. Màlúù kọ̀ ọ́, ẹ̀kan kò sì lọ mọ́. Lónìí, ó wà lára àwọn koríko tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dè. Koríko tiwa náà ti ṣe irú èyí lókè òkun. Èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gámbà, tó jẹ́ oúnjẹ gidi fún màlúù nílẹ̀ wa, ni wọ́n kó lọ sí Australia fún pápá ìjẹko. Ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ń dá iná ńlá sílẹ̀ nínú igbó, nígbà tó sì di 2008, ìjọba ìhà àríwá ibẹ̀ kéde rẹ̀ ní ọ̀tá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á mọ koríko kí á tó fún un ní ilẹ̀.

Ọ̀nà wo wá ni ká gbà? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ṣófo ni ẹ̀kan kò lè jọba lé lórí. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti nǹkan bí ọdún 1987, àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí bá àwọn àgbẹ̀ kan dán ẹ̀wà mùkúnà wò lórí ilẹ̀ tó ti gbó. Ìbátan wèrèpè ni mùkúnà yìí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yúnni lára. Ó máa ń fà bo ilẹ̀ pátápátá, ó ń ṣíji bo ẹ̀kan títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi ọ̀rá sínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé ẹ̀kan ń kú, òkìkí rẹ̀ kàn, kò sì tó ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ fi gbìn ín. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn padà fi í sílẹ̀, nítorí èso rẹ̀ kò ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà tiwa, ó sì ń gba odidi ìgbà òjò kan lórí ilẹ̀. Àmọ́ ohun tó nira fún àgbẹ̀ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò nira fún ọgbà ẹran, nítorí kò sí ẹni tó ń retí ẹ̀wà níbẹ̀.

Oògùn apakoríko náà wà. Glyphosate máa ń wọ inú igi abẹ́lẹ̀ ẹ̀kan bí a bá fọ́n ọn nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tútù tó sì ń dàgbà. Ẹni tó bá fọ́n ọn sára ẹ̀kan gbígbẹ ń fi owó ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó, bẹ́ẹ̀ ni kí á má ṣe fọ́n ọn sí ẹ̀bá odò tàbí kànga, kí ẹni tó ń fọ́n ọn sì bo ara àti ojú rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí oògùn bá pa ẹ̀kan tán, tí a kò sì gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀ kíákíá, ẹ̀kan náà ni yóò padà wá jogún ilẹ̀ ọ̀hún.

Lẹ́yìn tí mùkúnà tàbí oògùn bá ti dá ẹ̀kan lẹ́kun, ní òjò ọdún kejì, ìgbà yẹn gan-an ni a lè gbin koríko tí ẹran fẹ́ràn, bíi koríko Gíní, pẹ̀lú stylo tó jẹ́ ìdílé ẹ̀wà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ILCA ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn Fúlàní ní agbègbè Kaduna láàárín ọdún 1980 sí 1989. Wọ́n á sọ ọgbà yí ilẹ̀ bíi hẹ́kítà mẹ́rin ká, wọ́n á kó màlúù sùn síbẹ̀ kí pátákò wọn lè tú ilẹ̀, wọ́n á sì fọ́n èso stylo. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé bí stylo ṣe ń mú ilẹ̀ lọ́ràá ni koríko mìíràn ń rí ọ̀rá ọ̀hún jẹ, tó sì fẹ́ bo stylo mọ́lẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó màlúù wọlé fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí wọ́n lè jẹ àwọn koríko tó ń yára dàgbà, kí stylo lè rí oòrùn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn jáde, wọ́n sì fi ọgbà náà pamọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ò rí i pé ẹnu màlúù gan-an di ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí pẹ́ jù, pé màlúù kò lè gbààwẹ̀ fún òjò méjì. Òdodo ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí iṣẹ́ ilẹ̀ ṣáájú kíkó ẹran wọlé, kí á sì máa gé oúnjẹ lọ bá ẹran tó bá wà ní tòsí. Pòpórò àgbàdo wà, ewé ẹ̀pà wà, ní Ìbàdàn sì ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ILRI àti IITA ti fi hàn pé a lè sọ èèpo ẹ̀gẹ́, tí à ń dà nù, di oúnjẹ ẹran tó ṣeé tọ́jú pamọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọgbà tí a fi ìkánjú ṣí, tí kò ní ju ẹ̀kan nínú, kò ní pẹ́ tí ebi yóò fi lé màlúù jáde níbẹ̀. Oko àgbẹ̀ ni wọn yóò sì gbà lọ. Ibi tí a ti ń sá ni a óò tún padà sí.

Lójú tiwa, ohun mẹ́ta ló yẹ kí ìjọba ṣe. Èkíní, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó pè é ní ọgbà ẹran, kí wọ́n mọ iye rẹ̀ tí ẹ̀kan ti gbà, kí owó pípa ẹ̀kan sì wà nínú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, bí owó wáyà àti owó kànga ṣe wà níbẹ̀. Èkejì, kí wọ́n pèsè èso koríko tó mọ́, tí kò ní èso mìíràn nínú. Ewé tí àwa Yorùbá ń pè ní Akíntọ́lá, àwọn onímọ̀ gbà pé inú èso igi melina láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1937, a kò sì tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀ dòní. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pe àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Nsukka, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran jókòó sójú kan náà. Ẹni tó ń da ẹran mọ koríko ju ẹni tó kọ òfin lọ.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ọmọ Yorùbá tó bá ra ilẹ̀ sí Thinkers Corner tàbí ibòmíràn ní Enugu, tí kò tíì kọ́ ọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ẹ̀kan kí ẹ sì máa fi iná jó o lọ́dọọdún. Iná kì í mọ ààlà, ilé aládùúgbò kò sì jìnnà. Ẹ roko rẹ̀, ẹ gbin ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀gẹ́ tí yóò bo ilẹ̀ síbẹ̀, tàbí kí ẹ fún ará àdúgbò tó fẹ́ dáko láàyè títí ẹ ó fi kọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ilẹ̀ ńlá nílé, ní Òkè-Ògùn tàbí ní Èkìtì, tí ẹ ń gbèrò àti sin màlúù, ẹ wo ilẹ̀ yín kí ẹ tó ra màlúù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó sọ pé àlàáfíà dé sáàárín àgbẹ̀ àti darandaran, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé koríko tí ẹran yóò jẹ wà nínú ọgbà.