‘Overwhelm’ Kì í Ṣe Ṣẹ́gun Nígbà Gbogbo

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo lòdì sí bí a ti ń túmọ̀ ‘overwhelm’ sí ‘ṣẹ́gun’ níbi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ ogun, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1300 sí 1400 tí ọ̀rọ̀ náà wọ èdè Òyìnbó, ‘whelm’ inú rẹ̀ jẹ́ dídojú nǹkan délẹ̀. Bí Odò Kàdúná bá kún, tí ó bo oko mọ́lẹ̀, ta ni ó bá jagun? Yorùbá kúkú ní, ‘Ìbànújẹ́ sorí àgbà kodò.’ Èdè wa ti ní àwòrán náà tẹ́lẹ̀! Èdè Haúsá ni àwọn ọmọ wa ń gbọ́ jù ní ìgboro Kàdúná. Bí olùkọ́ Yorùbá bá fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí kò péye, níbo ni wọn yóò ti rí èyí tí ó tọ̀nà?