Oníbodè, Amí àti Olórin: fíìmù mẹ́rin tó yẹ kí a jọ wò

Ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, ti ń béèrè pé kí ojú-ìwé yìí fi eré orí-ìtàgé àti fíìmù àròsọ sílẹ̀ díẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀ nípa irú fíìmù kejì: èyí tí kò ní òṣèré, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Àwọn tó lọ sí ilé-ìwé Faransé ń pè é ní documentaire. Èmi yóò máa pè é ní fíìmù òtítọ́ níhìn-ín, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ náà tóbi ju àwọn mìíràn nínú wọn lọ. A óò padà sórí ìyẹn kí a tó parí.

Mẹ́rin ni mo mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìgbógun ti ìgbésùnmọ̀mí àti àwọn olórin onígìtá ni wọ́n dá lé. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló pa amí pọ̀ mọ́ onígìtá. Ìdáhùn mi ni pé àwọn méjèèjì ń fetí sí ìlú. Ọ̀kan ń gbọ́, ó ń fi pamọ́. Èkejì ń gbọ́, ó ń kọ ọ́ lórin.

Ibodè nìkan kò lè gba ìlú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ibodè àtijọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu odi ìlú. Oníbodè ni ó ń mọ ẹni tó wọlé, òun náà ni ó ń mọ ẹni tó jáde. Síbẹ̀, ní ọdún 1886, Kétu ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì. Odi ń bẹ, ibodè ń bẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé fíìmù kan wà tí ń jẹ́ The Gatekeepers, èyí tí í ṣe Àwọn Oníbodè, ọkàn mi ti fà sí i kí n tó rí i.

Dror Moreh, ọmọ Ísírẹ́lì, ni ó darí rẹ̀. Ó sì jáde ní ọdún 2012. Ọkùnrin mẹ́fà ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: Avraham Shalom, Yaakov Peri, Carmi Gillon, Ami Ayalon, Avi Dichter àti Yuval Diskin. Gbogbo wọn ni ó ti ṣe olórí Shin Bet rí, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń mójú tó ààbò abẹ́lé ní Ísírẹ́lì. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Dídákẹ́ wà lára iṣẹ́ wọn. Nínú fíìmù yìí, wọ́n sọ̀rọ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì 300. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Palẹstínì mẹ́rin já ọkọ̀ náà gbà tòun ti èrò inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun wọ inú ọkọ̀ láti gba èrò sílẹ̀, wọ́n mú méjì nínú àwọn ajínigbé náà láàyè. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú wọn tán ni wọ́n tó pa wọ́n, a sì kọ́kọ́ sọ fún aráyé pé inú ìjà ni wọ́n kú sí. Àwòrán tí oníròyìn kan yà, níbi tí wọ́n ti ń mú ọ̀kan nínú wọn lọ láàyè, ni ó tú àṣírí náà. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà tí Moreh bi Shalom léèrè, ẹni tó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà náà, ẹ wo ojú bàbá arúgbó yẹn bí ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó dùn mí wọra. Gillon ni olórí àjọ náà ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1995, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì. Ọmọ Ísírẹ́lì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ó bá àwọn Palẹstínì ṣe àdéhùn àlàáfíà, ni ó pa á. Oníbodè ń wo ìta, ikú sì ti inú ilé jáde.

Ibi tí àwọn àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹnu kò sí ni pé agbára lè dí bọ́ǹbù ọ̀la lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè parí ìjà. Ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tí a ń bá jà ni wọ́n dá lábàá. Kì í ṣe àwọn aláàánú ni ó ń sọ èyí o. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn pàṣẹ kí a pa èèyàn ni.

Kí ni èyí fi kàn wá? Láti ọdún 2019, nígbà tí wọ́n jí arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé ní ọgbà ẹranko Pendjari, tí wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń mọ̀nà fún wọn, ọ̀rọ̀ agbésùnmọ̀mí kì í ṣe ìròyìn òkèèrè mọ́. Àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti agbègbè Savanes ní Tógò ti rí ikú àwọn ọmọ-ogun àti àwọn ará abúlé. Mo wo fíìmù yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́wàá ní àgbàlá kan ní ìhà Ṣábẹ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní tòun o, kí wọ́n lé gbogbo darandaran kúrò lágbègbè náà, ààbò dé nìyẹn. Lẹ́yìn tí fíìmù parí, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá kọjú sí bàbá kan tó wà láàárín wa. Ó ní, “Bàbá, bí a bá lé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ta ni yóò wá ta wá lólobó lọ́jọ́ tó bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan?” Bàbá náà ní, “Ọmọ mi, o ti dá ara rẹ lóhùn.” Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Fáìlì tí wọ́n ṣí nítorí orin

Fíìmù kejì ni The U.S. vs. John Lennon, tí David Leaf àti John Scheinfeld darí, tí ó jáde ní ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ Lennon gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn Beatles. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé FBI ní Amẹ́ríkà ṣí fáìlì lé e lórí.

Lennon àti ìyàwó rẹ̀, Yoko Ono, kó lọ sí New York ní ọdún 1971, nígbà tí ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn méjèèjì sì ń pariwo pé kí ogun náà dópin. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún yẹn, Lennon kọrin ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi àpéjọ tí wọ́n ṣe nítorí John Sinclair, ọkùnrin tí wọ́n sọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá nítorí igbó wínníwínní. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Sinclair jáde lẹ́wọ̀n. Àwọn tó ń ṣe amí fún FBI wà láàárín èrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ẹ̀rí olè.

Ìṣirò wà nínú ẹ̀rù tó ba ìjọba Nixon. Ọdún 1971 ni Amẹ́ríkà yí òfin padà kí ọmọ ọdún 18 lè máa dìbò, ìdìbò sípò ààrẹ ti ọdún 1972 sì ni àkọ́kọ́ tí wọn yóò bá wọn dá sí. Bí olórin bá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbi àpótí ìbò ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 1972, sẹ́nétọ̀ Strom Thurmond kọ̀wé sí ìjọba pé bí wọ́n bá lé Lennon kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ wàhálà á rọlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹjọ́ ìlénílùú ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi bojú ni pé ilé-ẹjọ́ kan ní London ti dá a lẹ́bi nítorí igbó ní ọdún 1968. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Leon Wildes, bá wọn fà á fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, títí ilé-ẹjọ́ fi dá Lennon láre ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1975. Nígbà náà, Nixon fúnra rẹ̀ ti fi ipò sílẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ẹni tó fẹ́ lé àlejò ti ṣáájú àlejò jáde.

Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni Jon Wiener nínú fíìmù náà. Onímọ̀ ìtàn ni. Láti ọdún 1981 ni ó ti ń béèrè pé kí FBI fi àwọn fáìlì Lennon hàn án. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, kò sì jáwọ́. Oṣù kejìlá ọdún 2006 ni wọ́n tó tú ìwé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ọdún 25 gbáko! Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ará ìlú tó ní sùúrù lè ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àbùkù fíìmù náà kò ju pé ó fẹ́ràn Lennon jù lọ. Ìwọ̀nba ni àṣìṣe rẹ̀ tí a óò rí.

Olórin tí wọ́n ní ó ti kú

Ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù òtítọ́. The Gatekeepers wà lára márùn-ún tó dé ìparí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó gbà á. Ẹni tó gbà á ni fíìmù olórin kan: Searching for Sugar Man, iṣẹ́ Malik Bendjelloul, ọmọ Sweden.

Sixto Rodriguez, ará Detroit, ṣe àwo orin méjì, Cold Fact ní ọdún 1970 àti Coming from Reality ní ọdún 1971. Wọn kò tà ní Amẹ́ríkà. Ó gbé gìtá sílẹ̀, ó lọ ń ṣiṣẹ́ wíwó ilé. Kò mọ̀ pé ní Gúúsù Áfríkà, lábẹ́ ìjọba apartheid, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí ọ̀nà ti há mọ́ ti sọ orin rẹ̀ di ohun ìní. Wọ́n ní ó ti pa ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Nínú fíìmù náà, a rí àwo orin kan ní ilé-ìpamọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ohun mímú ha, kí rédíò má bàa lè lu orin tí wọn kò fẹ́. Mo ronú lé e lórí pé ìjọba tó ní ìbọn àti ẹ̀wọ̀n tún jókòó ti àwo orin, ó ń ha á.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wá a kàn. Ní ọdún 1998, ó lọ kọrin fún wọn ní Gúúsù Áfríkà. Ọdún 2023 ni ó tó kú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo ní a óò padà sí wà. Fíìmù náà jẹ́ kí a gbà pé láti ọdún 1971 títí di 1998 kò sí ẹni tó mọ Rodriguez lẹ́yìn Gúúsù Áfríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Australia. Ó tilẹ̀ lọ kọrin níbẹ̀ ní ọdún 1979 àti 1981. Olùdarí fíìmù kò purọ́, ó kàn pa á mọ́ra kí ìtàn rẹ̀ lè dùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn fíìmù òtítọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun tí wọn kò fi hàn.

Nígbà tí wọ́n fòfin de orin

Èyí tó kẹ́yìn ni ó súnmọ́ wa jù: They Will Have to Kill Us First, tí Johanna Schwartz darí, tí ó jáde ní ọdún 2015. Ní ọdún 2012, àwọn agbébọn gba àríwá Málì: Timbuktu, Gao àti Kidal. Wọ́n fòfin de orin. Wọ́n dáná sun ohun èlò orin, àwọn olórin sì sá.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti àríwá pàdé ní Bamako, wọ́n dá ẹgbẹ́ Songhoy Blues sílẹ̀, wọ́n pa orin ìlú wọn pọ̀ mọ́ gìtá rọ́ọ̀kì, títí ayé fi gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjì ni ó gba ọkàn mi: Khaira Arby, ohùn Timbuktu, àti Fadimata Walet Oumar tí wọ́n ń pè ní Disco. Wọ́n pinnu láti padà sí Timbuktu láti kọrin ní gbangba. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n, tí wọn kò sì yí ìpinnu padà. Khaira Arby kú ní ọdún 2018. Orin rẹ̀ kò bá a lọ.

Àwa tí a ní gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a ń fi orin bá ìlú wí, tí a sì ń fi ijó tu àwọn ìyá wa lójú, a mọ ohun tí yóò kú bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìlù dákẹ́.

Bí a ṣe lè wò wọ́n

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nínú méjì lára wọn; ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Faransé sí nísàlẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ ọ máa dá fíìmù dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ó sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbà. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjíròrò ti ń dùn. Òkú àti ọkọ̀ tí bọ́ǹbù fọ́ wà nínú The Gatekeepers. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wò ó. Ẹ lè jọ wo Searching for Sugar Man tọmọtìyá.

Nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a óò sọ̀rọ̀ Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì tó fi mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, tí ó sì bá Fẹlá ṣeré. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ pe ara yín jọ, ẹ tan iná kékeré, ẹ wo ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa nípa ohun tí ẹ bá ara yín jiyàn lé lórí.