Ta Ni Yóò Ṣe Ẹ̀dà Tiwa?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn àgbà kan. Ọ̀rọ̀ eré ni, eré orí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú ìwé yìí kọjá, kí ó rántí pé ibi tí ọmọ bá ti ń lo àkókò rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti ń gba ẹ̀kọ́, yálà olùkọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní Ìgbàrà-Òkè, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, wákàtí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lò nídìí ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ṣe kékeré.

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbá níbẹ̀, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n irú eré mìíràn wà, òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí: eré ìtàn akọni. Nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣeré yóò gbé ipò akọni kan wọ̀, yóò jáde kúrò ní abúlé rẹ̀, yóò la igbó kọjá, yóò bá onílé àti àlejò sọ̀rọ̀, yóò bá iwin àti ẹranko abàmì jà, agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i bí ìtàn ti ń lọ. Ó lè gba 40 wákàtí tàbí 60 kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ kíkà ni ó sì kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà, olùkọ́ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1938, kò ní bèèrè lọ́wọ́ wa bí irú eré bẹ́ẹ̀ ti rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé eré kan náà kì í rí bákan náà ní gbogbo ilẹ̀ ayé. Ẹ̀dà ti Japan wà, ti Amẹ́ríkà wà, ti Yúróòpù sì wà, ìyàtọ̀ àárín wọn kì í sì í ṣe ti orúkọ lásán. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan wò. Ní 1986 ni ilé-iṣẹ́ Enix gbé Dragon Quest jáde ní Japan. Ààyè inú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é fi ní láti fo díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà èdè tiwọn. Akọni inú rẹ̀ kò lè yí ojú padà: bí ó lọ sí ọ̀tún, bí ó lọ sí òsì, àwa tí a ń wò ó ni ó kọjú sí, bí akàn tí ń rìn lẹ́bàá odò. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá eré dúró di ọjọ́ kejì ní láti da ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn kan kọ sínú ìwé, bí ó bá sì ṣi lẹ́tà kan kọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti ṣòfò. Nígbà tí eré yìí dé Amẹ́ríkà ní 1989, tí wọ́n pè é ní Dragon Warrior, wọ́n ti tún àwòrán rẹ̀ yà. Akọni ti ń kọjú sí ibi tí ó ń lọ, bátìrì kékeré kan sì ti wà nínú rẹ̀ tí ń tọ́jú ibi tí aṣeré bá dé. Ìtàn kan náà ni. Ẹnìkan ni ó jókòó, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe fún àwọn tí yóò wá rà á.

Ilẹ̀ Yúróòpù kò sábà rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, àwa tí a sì ń lo ìlànà tẹlifíṣọ̀n kan náà pẹ̀lú wọn bá wọn jìyà rẹ̀. Gbogbo wa ni a ń fi yangàn pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, ó sì yẹ kí á máa yangàn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, ìlànà tí wọ́n ń pè ní PAL ni a gbà: ìlà 625 ni ó para pọ̀ di àwòrán kan, ojú rẹ̀ sì ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Amẹ́ríkà àti Japan ń lo NTSC, ìlà 525, ìgbà 60.

Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò sọ pé àwòrán tiwa ni ó yẹ kí ó mọ́ jù, nítorí ìlà wa pọ̀ ju tiwọn lọ. Òótọ́ ni fún ètò tí a bá ṣe fún un. Ṣùgbọ́n eré tí a yà fún ìlà 525 ni wọ́n sábà ń kó wá sórí ẹ̀rọ onílà 625 láì tún un yà. Àwòrán kò wá kún ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ọ̀já dúdú kan dùbúlẹ̀ lókè, òmíràn dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn ènìyàn inú eré sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ̀, bí ẹni pé a fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lórí. Níbi tí eré bá sì ti ń fi ìyípadà àwòrán ka àkókò, ohun tí ó gba ọmọ Amẹ́ríkà ní 50 ìṣẹ́jú yóò gba ọmọ tiwa ní 60. Orin pàápàá a máa fà nínú òmíràn. Ìlà púpọ̀ wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ láti kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Final Fantasy X, ọ̀kan nínú àwọn eré ìtàn akọni tí ó lókìkí jù lọ, jáde ní Japan ní oṣù July 2001, ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù December ọdún náà, ó sì dé Yúróòpù ní oṣù May 2002. Ẹ̀dà ti Yúróòpù ní àfikún tí ti Amẹ́ríkà kò ní, títí kan àwọn ọ̀tá líle tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Síbẹ̀ ọ̀já dúdú náà wà níbẹ̀ gbọọrọ. Chrono Trigger ńkọ́? Ó jáde ní Japan àti Amẹ́ríkà ní 1995. Yúróòpù kò fojú kàn án ní ọjà tirẹ̀ títí di 2009.

Ti àwa tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹ̀dà kan tí a ṣe pẹ̀lú wa lọ́kàn. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa, èyí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èyí láti Amẹ́ríkà. PlayStation 2 àkọ́kọ́ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, iná 120 volt ni ó ń jẹ, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì ni iná tí ó wà lára ògiri ilé wa. Ẹni tí ó bá kàn án mọ́ ògiri láì wá ẹ̀rọ tí ń dín iná kù, èéfín ni yóò rí kí ó tó rí akọni. Bí ẹ̀rọ náà bá sì yè, tẹlifíṣọ̀n tí PAL nìkan yé lè gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní dúdú àti funfun.

Ọ̀rọ̀ ìlà ti di ìtàn báyìí. Láti ìgbà PlayStation 3, tí ó jáde ní 2006, àti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, àwòrán tí ọmọ Tókyò ń wò ni ọmọ Àkúrẹ́ náà ń wò, bí owó bá wà lọ́wọ́ tí iná sì wà lára wáyà. Èdè ni ó kù, àti bí èdè ti ń hàn lójú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Nínú ìlànà àgbáyé tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, èyí tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. A ní láti mú àmì ohùn, kí á gbé e lé ẹ lórí. Bí ẹni tí ó ya lẹ́tà fún eré kò bá ro ti Yorùbá mọ́ ọn, àmì náà yóò fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gun orí lẹ́tà mìíràn, tàbí kí àpótí òfìfo yọ síbi tí ó yẹ kí ó wà. Àwọn kan yóò ní kí á kúkú yọ àmì kúrò. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ńkọ́? Akọni tí a ní kí ó mú ọ̀kọ̀ lọ sójú ogun kò gbọdọ̀ lọ máa wá ọkọ́ kiri oko, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó lọ máa wá ọkọ. Bí ọ̀já dúdú ti ba àwòrán jẹ́ ní ìjọ́sí ni lẹ́tà tí kò ní àmì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lónìí.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tí a kò kà sí ṣe ẹ̀dà tirẹ̀? Ẹ wo Poland. Ní 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Marcin Iwiński àti Michał Kiciński, dá CD Projekt sílẹ̀ ní Warsaw. Géèmù òkèèrè ni wọ́n ń kó wọlé tà, ayédèrú sì kún ọjà wọn bí ó ti kún tiwa. Ní 1999 wọ́n mú Baldur's Gate, eré ìtàn akọni ti orí kọ̀ǹpútà, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè ilẹ̀ wọn, wọ́n pe àwọn òṣèré tí ará ìlú mọ ohùn wọn láti sọ ọ́, wọ́n sì kó àwòrán ilẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn sínú páálí rẹ̀, kí ẹni tí ó ra ojúlówó lè ní ohun tí ẹni tí ó ra ayédèrú kò ní. Ó tà wàràwàrà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìtumọ̀ ni wọ́n tó dáwọ́ lé ṣíṣe eré tiwọn. Ní 2007 wọ́n gbé The Witcher jáde, tí a gbé ka ìtàn Andrzej Sapkowski, òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ẹ̀kẹta rẹ̀ jáde fún PlayStation 4 àti Xbox One ní 2015, èdè 15 ni a kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí. Èdè Czech àti èdè Hungary wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ìdajì àwa Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ti òyìnbó nìyẹn. Kiro'o Games ti Yaoundé, ní Kamẹrúùnù tí ó bá wa pààlà, gbé Aurion jáde ní 2016, eré ìtàn akọni tí a fi àṣà ilẹ̀ Afíríkà hun.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Olùkọ́ kan yóò ní géèmù ni ó ń ba ọmọ jẹ́, a tún fẹ́ fi Yorùbá ṣe é ládùn sí i. Ìdáhùn wa ni pé ọmọ náà ti ń ṣe é ná, èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó sì fi ń kà nípa akọni, nípa ìlú, nípa ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, fún 60 wákàtí. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kì í rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde ní oṣù November 2025 pé a ti fagi lé e. Bí a bá lé èdè kúrò nínú kíláàsì, tí kò sì sí níbi ìṣeré, níbo ni ó kù tí ọmọ yóò ti bá a pàdé ní kíkọ sílẹ̀?

Àwọn mìíràn, tí wọ́n wà láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, yóò ní ebi ń pa ará ìlú, ọ̀nà kò dára, ẹ wá ń sọ ti eré ọmọdé. Ebi kò tíì tán nílùú ní 1955 kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kò sì tíì dé gbogbo abúlé ní 1959 kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Àwọn tí wọ́n ṣe ìjọba nígbà náà mọ̀ pé ìlú tí ó bá dúró di ìgbà tí ohun gbogbo pé, ẹlòmíràn ni yóò bá a ya àwòrán ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé Ìgbàrà-Òkè, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó ní ìwọ̀n. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Adéyẹmí, tí ó ti di yunifásítì, wà ní Oǹdó láti 1964. Àwọn kan mọ kọ̀ǹpútà, àwọn kan mọ Yorùbá, ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn kò sì jìn. Ǹjẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò san owó fún àwọn méjèèjì kí wọ́n ya lẹ́tà Yorùbá kan fún eré, tí àmì ohùn rẹ̀ jókòó síbi tí ó yẹ, kí á sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó? Ǹjẹ́ wọn yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan, kí á túmọ̀ eré kan ṣoṣo tán pátápátá? Kí wọ́n má ṣe fi ìpàdé àti àsè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí owó ìjọba tó dé, iṣẹ́ kan wà tí kò gba owó. Kí ni a ó máa pe àpò tí akọni ń kó ohun ìjà àti oògùn sí? Kí ni a ó pe ìpele agbára rẹ̀, àti ìwọ̀n ẹ̀mí tí ó kù fún un bí ọ̀tá bá lù ú? Kí ni a ó pe ibi tí ó ti lè dá eré dúró, kí ó sì padà bá a lọ́la? Àwọn ọmọ kíláàsì yín mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí dunjú. Ẹ̀yin sì mọ èdè. Ẹ bi wọ́n ní sáà yìí, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.