Ọnà Ń Bẹ Lára Dáńfó

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀làjú, tí kò sì sí ohun tí Èkó ní tó wù wọ́n. Bí wọ́n bá rí dáńfó, wọn a yínmú. Wọn a ní ìdọ̀tí ni, wọn a ní irú rẹ̀ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kò bá wọn pa ohùn pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo dáńfó fínnífínní. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè tó pọ́n. Ìlà dúdú gba ìhà rẹ̀ kọjá. Ẹni tó rí i lókèèrè kò ní í bèèrè ìlú tó ti wá. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ pé, ‘Ìgbà ò lọ bí òréré.’ Nínú ìwé ni a ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò mira fún wákàtí kan lórí afárá Third Mainland, òwe náà di ẹ̀fẹ̀, ó tún di ìtùnú. Bí ìyẹn kì í bá ṣe lítíréṣọ̀, kí ló ń jẹ́ lítíréṣọ̀?

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀, èkejì wà lójú afẹ́fẹ́, ó ń ké ‘Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì!’ bí ẹni ń sun ìjálá. Èrò tó fẹ́ sọ̀ yóò kàn ní, ‘Ó wà o!’, awakọ̀ yóò sì tẹ bíréèkì. Nínú mólùè àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, ìgò kékeré kan lọ́wọ́ olóògùn a máa wo jẹ̀díjẹ̀dí, a tún máa wo lákùrègbé. A ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n dídùn ẹnu rẹ̀ ń mú kí a rà á.

Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba Èkó kéde pé àwọn yóò kó dáńfó kúrò lójú títì. Dáńfó ṣì wà. Mólùè ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. N kò gbèjà èéfín, n kò sì gbèjà eré àsápajúdé. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń yangàn rẹ̀ yìí náà kó ògbólógbòó Routemaster kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní 2005. Nígbà tí ọkọ̀ tuntun dé ní 2012, pupa náà ni wọ́n kùn ún.

Àwa ńkọ́? Ilojo Bar, ilé tí ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ sí Tinúubú ní nǹkan bí 1855, ni ìjọba kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Bí ilé tí òfin dáàbò bò bá lè lọ báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọnà ara páànù tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ọnà?

Nítorí náà, kí ìjọba gbé dáńfó kan àti mólùè kan sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ọkọ̀ tuntun jogún àwọ̀ àti ìlà ti àtijọ́, kí àyè sì wà lára rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀. Kí àwa olùkọ́ náà sì rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ọ̀ṣòdì láti ṣa àkọlé ọkọ̀ jọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán wọn lọ gba oríkì sílẹ̀. Ohun a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.