"Ẹ Kú Ọdún" Kì í Ṣe Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀sìn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń padà wá bá wa ní ìparí ọdọọdún, tí ó sì tún ń yọjú nígbà Iléyá, èyí tí kò yẹ kí a dákẹ́ lé lórí mọ́. Àwọn oníwàásù kan ń kọ́ ìjọ wọn pé Mùsùlùmí tí ó bá kí Kristẹni kú ọdún Kérésìmesì ti jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Àwọn mìíràn sì ń kéde láti orí àga ìwàásù pé Kristẹni tí ó bá jẹ ẹran Iléyá ti jẹ ẹran òrìṣà. Àwọn àgbà lè mirí kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ pẹ̀lú, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá sí ẹ̀yin olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ kíkí náà wò. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Èwo nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó dárúkọ Jésù, tàbí Ànábì, tàbí òrìṣà kan? Ohun tí à ń sọ fún aládùúgbò wa ni pé ọdún yí po, ó bá a láàyè, inú wa sì dùn pé ó bá a. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe to kíkí wọn. À ń kí àgbẹ̀ pé "Àrokò bọ́dún dé", à ń kí onídìrí pé "Ojú gbooro", a sì ń kí ìyá ọlọ́jà pé "Ajé á wọ igbá". Ajé tí à ń pè yìí, òrìṣà ni lọ́dọ̀ àwọn onísẹ̀ṣe. Síbẹ̀ a kò tíì rí Àlájì tàbí bíṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀sìn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé ó kí ọlọ́jà.

A kò sọ pé kò sí ààlà. "Àbọrú, àbọyè" jẹ́ kíkí àwọn tí ó gba Ifá gbọ́, kò sì sí babaláwo tí ó ń fi ipá mú Kristẹni sọ ọ́. "Ẹ kú ọdún" ti tó o. Ní ọdún 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Ní ọdún kan náà, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin lórí pé bóyá ó yẹ kí a ṣe ọdún náà níbẹ̀ rárá. Ìwọ tí inú ń bí pé a kò kí ọ ní Iléyá tàbí ní Kérésìmesì, ǹjẹ́ o kí onísẹ̀ṣe tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ?

Oúnjẹ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le jù. Ẹran tí a kò dúńbú ní ìlànà Islam, Mùsùlùmí kò ní jẹ ẹ́; nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé Kristẹni fi ń pe Mùsùlùmí aládùúgbò wọn wá dúńbú ẹran ọdún, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó ti abọ́ láìjẹun. Àkókò náà sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2022, 2023 àti 2024, inú oṣù Ràmàdáànì ni ọdún Àjíǹde bọ́ sí. Kristẹni tí ó gbé ìrẹsì lọ sí ilé aláàwẹ̀ lọ́sàn-án gangan kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìbá ti dára tó bí ó bá dúró di ìgbà ìṣínu! Bákan náà, ọjọ́ Ẹtì tí Kristẹni ń rántí ikú Jésù kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀. Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e ni a ń kí wọn kú ọdún. Ní ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kẹta, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. "Ẹ kú ààwẹ̀" kan ṣoṣo tó fún gbogbo àdúgbò.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba ẹran Iléyá ńkọ́? Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ó dúpẹ́, kí ó sì fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹni tí ó fún un kò gbọdọ̀ máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí a dá ọmọ tí ó gbé abọ́ wá padà lẹ́nu ọ̀nà, tàbí kí a wàásù fún un. Ọmọ náà kò ní gbàgbé ẹnu ọ̀nà yẹn títí tí yóò fi dàgbà.

A tún rí kíkí mìíràn tí a fi ìwọ̀ sínú rẹ̀ bí ìjẹ ẹja: Mùsùlùmí fi fóònù ránṣẹ́ ọdún sí Kristẹni, ó sì fi kún un pé kí Ọlọ́run mú un wọ Islam, Kristẹni náà dáhùn pé kí Jésù gba ọkàn rẹ̀ là. Ìwàásù ni èyí, kì í ṣe kíkí. Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, a rí káàdì tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá tí kò dárúkọ ọdún kankan, kí wọ́n má bàa ṣẹ ẹnikẹ́ni. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń pe ọdún aládùúgbò ní orúkọ rẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ ni, òun náà sì mọ̀ pé a mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní irú ìwà yìí ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù ní Sẹ̀nẹ̀gà, síbẹ̀ Léopold Sédar Senghor, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ni ààrẹ wọn láti ọdún 1960 títí di 1980. Nígbà Àjíǹde, àwọn Kristẹni ibẹ̀ a máa fi jéró, ẹ̀pà àti èso igi osè ṣe oúnjẹ kan tí à ń pè ní ngalax, wọn a sì pín in fún àwọn Mùsùlùmí. Nígbà Iléyá, ẹran àgbò a máa padà wá. "Deweneti" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, kíkí tí ó ń gbàdúrà pé kí a tún rí àmọ́dún. Ta ni nínú wa tí kò ní mọ̀ ọ́n?

Nílé níhìn-ín, a ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Madalla ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2011. A kò ní tan ẹnikẹ́ni pé kíkí lásán ìbá dá irú ìkà bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ní Kàdúná, níbi tí ìjà ẹ̀sìn ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ní ọdún 2000, àwọn Mùsùlùmí kan ti ń lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Kérésìmesì láti bá àwọn Kristẹni yọ̀. Àwọn tí ó ti sin òkú mọ iye tí ìkórìíra ń náni.

Ẹ̀yin olùkọ́, a kò ní kí ẹ mú ọmọ Mùsùlùmí kọ orin ìbí Jésù, tàbí kí ẹ mú ọmọ Kristẹni kírun. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sọ bí wọ́n ti ń ṣe ọdún nílé wọn, kí àwọn tí ó kù sì kí i. Àkókò kò dúró dè wá. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ka òṣùpá ti ṣírò rẹ̀, Ràmàdáànì yóò bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ kan lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 2030. Ní ọdún 2033, ìtúnu ààwẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ méjì ṣáájú Kérésìmesì. Àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú yín lónìí ni yóò máa gbé abọ́ láti ilé dé ilé ní ọ̀sẹ̀ náà.